Ìdí tí ijó ìyàwó fi ń kọsẹ̀ nínú fídíò tí a fi kámẹ́rà oríṣiríṣi yà

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya fídíò ìnáwó ní Abẹ́òkúta ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya ìgbéyàwó kan ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀. Kámẹ́rà tèmi wà lórí 25, ìyẹn àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀rẹ́ tí mo bẹ̀ lọ́wẹ̀ gbé tirẹ̀ wá, 30 ló fi yà, ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀. Mo fi iPhone ya díẹ̀ nínú ijó ní 60, dúróònù tó ya Olúmọ àti àyíká gbọ̀ngàn láti òkè wà ní 24, àwọn àlejò sì tún fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ sórí timeline, ibi tí mo ti ń to fídíò pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ijó ìyàwó ń kọsẹ̀, ẹnu MC kò bá ohùn rẹ̀ mu mọ́ nínú èyí tí fóònù yà, iná gbọ̀ngàn sì ń ṣẹ́jú. Ẹnì kan ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ di 60 kó lè máa yọ̀. Ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ti bàjẹ́, kí n lọ bẹ oníbàárà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ náà kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo kó sínú ẹjọ́ kan, bí a kò bá sì tú wọn ká, ibi tí kò dùn ọ́ lo máa máa tọ́jú. Ijó tó ń kọsẹ̀, iye fíréèmù tí kò bára mu ló fà á. Ẹnu MC tó yà kúrò lára ohùn, 25 tó pàdé 30 kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Fóònù ni kò dúró sójú kan. Iná tó ń ṣẹ́jú ní tirẹ̀, ṣọ́tà kámẹ́rà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan) àti iná mànàmáná ilẹ̀ wa ni ká bi. Màá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì máa pẹ́ lórí àkọ́kọ́ torí òun ni ìbéèrè rẹ gan-an.

Àṣìgbọ́ kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú. Fídíò kò ju àwòrán tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ, fíréèmù la sì ń pe ẹyọ kọ̀ọ̀kan. 25 ni pé kámẹ́rà ya àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 30 ni pé ó ya 30 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Àkókò kò yí padà. Ìwàásù ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi 30 yà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ni yóò gbà lórí timeline 25, ohùn pásítọ̀ kò ní yára, kò sì ní fà. Premiere Pro o, DaVinci Resolve o, títí dé CapCut orí fóònù, gbogbo software tí a fi ń to fídíò pọ̀ yìí ló máa ń di àkókò mú, tí wọ́n á wá ṣa inú fíréèmù tí wọ́n bá nílẹ̀. Ibi ṣíṣà yẹn ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wo ti ọ̀rẹ́ rẹ tó fi 30 yà. Timeline ń fẹ́ 25, òun ní 30 lọ́wọ́, márùn-ún gbọ́dọ̀ lọ. Software kì í kó márùn-ún náà dànù lẹ́ẹ̀kan. Nínú mẹ́fà mẹ́fà ló ti ń yọ ẹyọ kan. Ó dà bí ìgbà tí onígángan àti alágogo bá wà nínú ẹgbẹ́ onílù kan, tí ọ̀kan ń lu mẹ́fà níbi tí èkejì ti ń lu márùn-ún: wọ́n á jọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á jọ parí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ oníjó kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀lé. O lè fojú ara rẹ rí i. Wá ibi tí ìyàwó ti ń ju abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, kí o wá máa tẹ bọ́tìnnì ọfà orí kíbọọ̀dù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Abẹ̀bẹ̀ á sún díẹ̀, á sún díẹ̀, á sún díẹ̀, á tún sún díẹ̀, lẹ́yìn náà á fò ní ìlọ́po méjì, á sì padà sí sísún díẹ̀. Fífò yẹn ń wáyé nígbà márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òun ni o rí tí o pè ní kíkọsẹ̀.

Ti dúróònù, òdìkejì ni. 24 ló ní, 25 là ń fẹ́, ẹyọ kan ló kù, software á wá lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ni pé lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwòrán á dúró gbọnin fún ìwọ̀n fíréèmù kan kó tó máa bá tirẹ̀ lọ. Bí dúróònù bá ń rọra kọjá lórí àpáta Olúmọ àti àwọn òrùlé páànù pupa tó dípẹtà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdúró kékeré yẹn á hàn, torí kò sí ohun kan nínú àwòrán náà tí kò sún.

iPhone tó ya 60 ló le jù nínú wọn. 60 kò ṣeé pín dọ́gba sí 25, 2.4 ló máa ń bọ́ sí, kò sì sí ìdá fíréèmù. Timeline á wá máa gbé ìṣísẹ̀ méjì, méjì, mẹ́ta, méjì, mẹ́ta, kò ní dọ́gba láéláé. Ohun kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Nígbà tí fóònù ń ya 60, ṣọ́tà rẹ̀ kò lè ṣí pẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ 1/120 tàbí kó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Fíréèmù kọ̀ọ̀kan á mọ́ ketekete, ọwọ́ tó ń lọ kò ní fa ìrù kankan. Kámẹ́rà tìrẹ tó ya 25 pẹ̀lú ṣọ́tà 1/50, ọwọ́ tó ń lọ ń fa ìrù díẹ̀, ìrù yẹn ló sì ń mú kí ojú gbà pé ọwọ́ ń yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn. Nígbà tí o bá wá ṣa 25 nínú 60 tó mọ́ ketekete, àlàfo ti wà láàárín wọn, kò sì sí ìrù tó máa bo àlàfo náà. Ìdí nìyẹn tí ijó orí iPhone fi le gbagidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kámẹ́rà ńlá, bí o tilẹ̀ ti tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe títí tí àwọ̀ méjèèjì fi jọra.

Kì í ṣe ibi gbogbo lèyí ti ń hàn o. Àwọn òbí ìyàwó tó jókòó sórí àga, alága ìdúró tó dúró sójú kan tó ń ṣẹ̀fẹ̀, òrùka lórí ìka, oúnjẹ lórí tábìlì: gbé 30 sínú 25 níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ohun tó ń tú àṣírí ni ohun tó bá ń lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì láìdúró, pàápàá kámẹ́rà tí a rọra ń yí kiri, ọkọ̀ tó ń kọjá, ìyàwó tó ń jó wọlé lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àna. Nítorí náà kí o tó ná àkókò rẹ lórí wákàtí mẹ́rin fídíò, wò ó ní ìyára gidi, kí o fi àmì sí ibi tí ojú rẹ bá ti kọ́. Wọn kì í pọ̀ tó bí ẹ̀rù ṣe ń bani.

Ibo tilẹ̀ ni nọ́ńbà tí kò bára mu wọ̀nyí ti wá? 24 jẹ́ ti ilé sinimá. Ìparí àwọn ọdún 1920 ni wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n, nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí ohùn ara fíìmù sì ń fẹ́ kí ìrìn rẹ̀ dúró sójú kan. 25 tẹ̀lé iná mànàmáná àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ń yí nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwa sì jogún iná náà àti tẹlifíṣọ̀n náà lọ́wọ́ wọn. Amẹ́ríkà ń lo iná 60, 30 ni wọ́n wá fi ṣe tiwọn, ìgbà tí wọ́n sì fi àwọ̀ kún tẹlifíṣọ̀n wọn ní 1953 ni wọ́n dín in kù sí 29.97 kí àmì àwọ̀ má bàa dí ohùn lọ́wọ́. Orúkọ tí kámẹ́rà ń pè wọ́n títí dòní ni PAL fún tiwa àti NTSC fún tiwọn. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ra tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, NTSC ló máa wà lójú rẹ̀ láti ilé, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣí menu dé ibẹ̀. Nípa 29.97 àti 30, má jẹ́ kó gba oorun lójú rẹ. Fíréèmù kan péré ni ìyàtọ̀ wọn láàárín bíi ìṣẹ́jú-àáyá 33. Ohun tí o ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí o fọwọ́ ara rẹ sọ fún software pé 30 gan-an ni 29.97, nígbà náà ni wákàtí kan fídíò á fi ìṣẹ́jú-àáyá 3.6 sá fún ohùn tí o gbà láti orí mixer.

Ó yá, ká wá sọ ohun tí o máa ṣe. Wo iye fíréèmù timeline rẹ kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ó ṣeé ṣe kó má wà ní 25 tí o rò. Bí o bá fa fídíò sórí àmì timeline tuntun nínú Premiere, nọ́ńbà fídíò yẹn ni timeline máa gbà. DaVinci Resolve máa ń béèrè nígbà tí fídíò àkọ́kọ́ bá wọlé bóyá kí òun yí iṣẹ́ náà padà kó bá a mu, ọ̀pọ̀ wa sì máa ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti ti ilẹ̀kùn, iye náà kò ṣeé yí padà mọ́. Bó bá jẹ́ pé fídíò dúróònù lo kọ́kọ́ gbé wọlé, orí 24 lo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà yẹn, kámẹ́rà rẹ tó dára jù sì ti ń pàdánù fíréèmù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣí timeline tuntun tó ní iye tirẹ̀, tàbí iṣẹ́ tuntun pátápátá, kí o kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀.

60 tí wọ́n ní kí o sọ gbogbo rẹ̀ dà ńkọ́? Má dán an wò. Fíréèmù tí kámẹ́rà kò yà, kò sí níbì kankan. Bí o bá gbé 25 sínú 60, software á kàn máa tún ọ̀kan náà lò ní ìgbà méjì, ìgbà méjì, ìgbà mẹ́ta, ìgbà méjì, ìgbà mẹ́ta ni, faìlì á wú, kọ̀ǹpútà á gbóná, jẹnẹrétọ̀ á mu epo, ijó á sì tún máa kọsẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó bá ní 30 ló yẹ kí o lò, èmi ò ní pè é ní òpùrọ́. Ojú fóònù púpọ̀ ń tún ara rẹ̀ yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. 30 wọ inú 60 dọ́gba, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mejì, 25 kò sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé fóònù la fi ya gbogbo ayẹyẹ náà, tó sì jẹ́ pé orí status àti Instagram ló ń lọ, 30 ni èmi náà máa mú. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tìrẹ ló ya ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ni ohùn tó dára wà nínú rẹ̀, 25 ló sì fi yà. Bí o bá mú timeline 30, gbogbo fíréèmù márùn-ún márùn-ún rẹ̀ ni yóò máa tún ọ̀kan lò, o máa wá ba wákàtí mẹ́rin jẹ́ nítorí ogójì ìṣẹ́jú tí ọ̀rẹ́ rẹ yà. YouTube gba 24, 25, 30, 48, 50 àti 60, ohun tí wọ́n sì máa ń gbani níyànjú ni pé kí a gbé e lọ bí a ṣe yà á. Mú 25.

Dúróònù ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí kò ní ohùn. Nínú Premiere, lọ sí Interpret Footage, sọ fún un pé kó ka fídíò náà sí 25. Nínú Resolve, Clip Attributes ló wà. Fíréèmù kan kò ní sọnù, ọ̀kan kò ní tún ara rẹ̀ ṣe, fídíò á kàn yára ní bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó gùn tó ìṣẹ́jú-àáyá 100 á di 96. Ta ni yóò mọ̀ pé ìkùukùu orí Olúmọ yára díẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù ṣe ń gbé fíìmù sinimá jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí fíìmù wákàtí méjì á sì parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú àkókò rẹ̀.

iPhone, lo ọ̀nà kan náà fún un, àmọ́ èrè rẹ̀ yàtọ̀. Bí o bá ka 60 sí 25, ìṣẹ́jú-àáyá kan á na di 2.4, gbogbo fíréèmù ló máa hàn, slow motion tó ń yọ̀ bí epo ni o máa rí. Lò ó fún owó tó ń já bọ́ láti iwájú orí ìyàwó, fún ìṣẹ́po aṣọ òkè bó ṣe ń yí, fún ẹ̀rín ìyá ọkọ. Orin lo máa fi bo ibẹ̀, torí náà ohùn kò sí nínú ọ̀rọ̀. Ibi tí o bá ti gbọ́dọ̀ lò ó ní ìyára gidi, yan Frame Blend, tó ń po fíréèmù méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, torí a ti gbọ́ pé blend máa ń mú kí àwòrán ní òjìji. Nínú 60, àwọn fíréèmù sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí pípò méjì pọ̀ fi ń dá díẹ̀ padà nínú ìrù tí ṣọ́tà gé dànù. Kò ní dà bíi ti kámẹ́rà, ṣùgbọ́n líle yẹn á rọ̀.

Ó wá ku ti ọ̀rẹ́ rẹ. Ibí yìí ni mi ò ti ní oògùn kan ṣoṣo. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn Nearest nínú Resolve tàbí Frame Sampling nínú Premiere, àwòrán á mọ́ ṣùgbọ́n á kọsẹ̀. Frame Blend níbí kò dára bíi ti 60: fíréèmù tó bá bọ́ sákòókò á mọ́, èyí tó tẹ̀lé e á ní òjìji méjì, mímọ́ àti rírú á wá máa gbapò lọ́wọ́ ara wọn, ojú gèlè á máa gbọ̀n. Optical Flow ló kù, tí software á máa wo fíréèmù méjì tí yóò sì ya èyí tó yẹ kó wà láàárín wọn láti inú ara rẹ̀. Nígbà tó bá ṣiṣẹ́, o ò ní gbà pé 30 ni tẹ́lẹ̀. Níbi tí èèyàn kan tàbí méjì bá ti ń rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ tó mọ́, fọkàn tán an. Níbi tí wọ́n bá ti ń náwó, ṣọ́ra gidigidi. Mo ti rí ibi tí náírà tó ń jábọ́ ti lẹ̀ mọ́ ìka ẹni tó ń ná an, tó yọ́ bí òrí, tó sì tún jáde ní èjìká ẹlòmíràn. Apá agbádá tó gba iwájú ojú èèyàn kọjá, ọwọ́ onílù lórí gángan, iná aláwọ̀ tó ń tàn tó ń kú, gbogbo wọn ló máa ń ṣì í lọ́nà, torí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun tó kọjá. Ìyẹn ni pé kí o fi Optical Flow sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí o bá fi àmì sí, kí o sì wo ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí o tó tẹ̀ síwájú. Má fi sí gbogbo timeline lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyẹn lọ, níbi tí ohùn kò bá ti ṣe pàtàkì: ka 30 náà sí 25 bí o ṣe ṣe fún dúróònù. Á fà díẹ̀, ìyára rẹ̀ á di 83 nínú 100. Ijó tó bá fà níwọ̀n báyìí máa ń níyì lójú, kò tíì di slow motion, ó kàn dà bí ẹni pé ìyàwó ní àkókò. Fún fídíò kúkúrú tí wọ́n máa fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ni mo máa lò. Fún fídíò gígùn tí olórin jùjú ń kọrin lójú agbo, kò ṣeé ṣe, ẹsẹ̀ á já kúrò lára ìlù. Níbẹ̀, jẹ́ kí kámẹ́rà tìrẹ gbé ijó, kí o máa gé lọ sí ti ọ̀rẹ́ rẹ nígbà tó bá ń wo ojú àwọn àlejò, tábìlì àwọn àgbà, onílù tó dúró. Ọgbọ́n gígé yìí ń gbani ju software lọ, kò sì ní kí kọ̀ǹpútà rẹ ṣiṣẹ́ mọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ẹnu MC. Fóònù kì í dúró lórí iye kan. Bí gbọ̀ngàn bá ṣókùnkùn tàbí tí fóònù bá gbóná, ó lè dín fíréèmù kù láìsọ fún ọ. iPhone tilẹ̀ ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Auto FPS tó ń gbé 30 wálẹ̀ sí 24 nínú òkùnkùn. Ohùn ń lọ bó ṣe ń lọ, àwòrán ń yára, ó ń falẹ̀. Software tó bá rò pé iye rẹ̀ dọ́gba látòkè délẹ̀ á tò wọ́n bí ẹni pé wọ́n dọ́gba, ẹnu á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ohùn díẹ̀díẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ á dára, òpin ni kò ní dára. Fi MediaInfo, software tó ń sọ ohun tó wà nínú faìlì, ṣí faìlì náà, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá kọ Variable síwájú Frame rate mode, o ti mú olè. HandBrake, tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ni kí o fi tún un ṣe: yan Constant Framerate, kí o sì mú nọ́ńbà tó sún mọ́ ti faìlì náà jù, 30 fún 30, 60 fún 60. Má sọ ọ́ di 25 níbẹ̀ o, torí ṣíṣà tí à ń sá fún náà ni HandBrake máa ṣe fún ọ, o ò sì ní lè yan bó ṣe máa ṣe é. Fi faìlì àkọ́kọ́ pamọ́. Láti 2018 ni Premiere ti ń gbìyànjú láti gbá irú fídíò bẹ́ẹ̀ mú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n fún ohun tó bá gùn, HandBrake ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ti WhatsApp kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. WhatsApp ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, kò sí ohun tí a lè fi dá a padà. Bẹ àwọn àlejò kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document tàbí kí wọ́n gbé e sórí Google Drive. Èyí tó bá kù, lò ó fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì mẹ́ta, pa ohùn rẹ̀, fi ohùn kámẹ́rà rẹ bò ó.

Iná ṣíṣẹ́jú. Iná NEPA wa ń ṣe 50, gílóòbù àti túùbù wá ń tàn wọ́n ń rẹ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà rí i. Bí ṣọ́tà bá ṣí fún 1/50, ìtànṣán méjì pé ló wọlé. 1/100, ọ̀kan pé. Fíréèmù gbogbo á gba ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Bí ṣọ́tà bá wà ní 1/60, bí ẹni tó ń ya 30 ṣe sábà máa ń fi í sí, ọ̀kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ ló ń wọlé; fíréèmù kan á mọ́lẹ̀, èkejì á dúdú díẹ̀. Wàá rí i pé 30 fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi: ká ní ọ̀rẹ́ rẹ fi 30 rẹ̀ sílẹ̀ tó kàn sọ ṣọ́tà di 1/50 tàbí 1/100, iná ò bá má ṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé gbọ̀ngàn, 50 yẹn lè má pé, ó lè lé, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré ni. Ìdí nìyẹn tí iná fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójijì láàárín ayẹyẹ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Èyí tó ti wọnú àwòrán, Deflicker inú DaVinci Resolve Studio lè mú un rọlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí à ń sanwó fún ni, ti ọ̀fẹ́ kò ní in. Ìlà dúdú tó ń gun ojú pátákó LED ẹ̀yìn ọkọ àti ìyàwó ní tirẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń pa á rẹ́ lẹ́yìn tí a ti yà á. Gé kúrò níbẹ̀ tàbí kí o sún àwòrán mọ́ wọn kí pátákó jáde.

Nígbà mìíràn, kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn, gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹni tí o bá bẹ̀ lọ́wẹ̀ kí o wo menu fúnra rẹ. PAL, 25, ṣọ́tà 1/50. Ẹni tó bá máa ya slow motion, 50, torí 50 wọ inú 25 ní méjì méjì, o lè lò ó ní ìyára gidi, o sì lè fà á ní ìlọ́po méjì láìsí ìkọsẹ̀ kankan. Sony púpọ̀ máa ń ní kí o nu káàdì bí o bá yí NTSC sí PAL, nítorí náà ilé ni kí ẹ ti ṣe é, ẹ má dúró dìgbà tí fídíò bá ti wà lórí káàdì. Lórí iPhone, Settings, Camera, Record Video, tan Show PAL Formats, 25 á jáde, kí o sì pa Auto FPS níbẹ̀ náà. Àwọn dúróònù DJI ní 25 nínú menu wọn. Bí fóònù Android rẹ kò bá ní in, Blackmagic Camera wà fún àwọn kan nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti oníbàárà, ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló kàn. Ṣe ìṣẹ́jú méjì nínú ijó yẹn tán, gbé e jáde ní 25, kí o lọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, torí ojú kọ̀ǹpútà nígbà tí o bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lè máa fo fíréèmù tirẹ̀ kí o sì rò pé fídíò ni. Bí o bá rí i pé ó lọ geere, parí ìyókù. Bí ibì kan bá ṣì ń kọsẹ̀ tí kò sì sí kámẹ́rà mìíràn tó ya ibẹ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ìyá ìyàwó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń kúnlẹ̀ gba ìre, kò sì ní bá ọ ka fíréèmù.